Ihò Tí Mo Dí Nínú Tírélà Ẹṣin Babátúndé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ń ka ojú ìwé yìí, ẹ gbà mí lọ́wọ́ aládùúgbò mi. Kò ṣẹ̀ mí o. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́, kò sì mọ̀. Ó pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ló jẹ́ kí n kọ̀wé sí yín.

Chatham níbí, ní Chicago, la jọ ń gbé. Ọmọ Amẹ́ríkà dúdú ni, ó ń bọ òrìṣà, ó sì ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí Babátúndé. Mùsùlùmí ni èmi, ìyẹn ò kàn án. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ti ilẹ̀ Yorùbá wá, àgbà òun ni. Ó fi ọdún mẹ́tàlá jù mí lọ, síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí, ó sì ń dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú snow níwájú ilé. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó yé ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti sú mi.

Ó ní abo ẹṣin kan tó ń jẹ́ Ginger, ọdún mọ́kànlá ló fi tọ́jú rẹ̀. Tírélà, ilé onírin tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, ló fi ń gbé e lọ síbi ìdíje káàkiri. Ní 1984, ó ní kí n bá òun ṣe yàrá kékeré tó wà níwájú tírélà náà, kí òun lè máa sùn síbẹ̀ ní winter. Maintenance ni iṣẹ́ mi, mo ní kò sí wàhálà. Mo tẹ́ òwú gíláàsì sínú ògiri àti òrùlé kí òtútù má bàa wọlé, mo kan plywood bò ó, mo kùn ún, mo ṣe bẹ́ẹ̀dì sí i. Ó rẹwà, kí n má parọ́.

Àmọ́ vent kan wà lórí òrùlé, ihò tí èémí ẹni tó sùn ń gbà jáde. Ó yẹ kí n gé plywood yípo rẹ̀. Mo gé e bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, sùúrù mi tán. Mo ki òwú bọ ihò náà, mo kan odindi plywood mọ́ ọn. Nígbà tó bèèrè vent, mo ní mo ti fà á gba ẹ̀yìn pákó.

Winter dé, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì bu. Ó ń wúkọ́, dókítà ní kó má sùn síbẹ̀ mọ́. Ó wá bi mí ohun tó fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu mi ló kó bá mi. Mo ní èémí ẹṣin ló ń gba inú ògiri wá, pé níwọ̀n ìgbà tí ẹṣin bá wà lẹ́yìn ògiri yẹn, omi ò ní tán.

Ẹlòmíràn ì bá bá mi jiyàn. Ẹlòmíràn ì bá pe káfíńtà mìíràn. Òun ta Ginger fún obìnrin kan ní Flossmoor, ó wá sílé mi, ó ní mo gba ẹ̀mí òun là. Mo gba ọpẹ́ náà o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò tíì pé ọdún méjì. Obìnrin yẹn fẹ́ kó lọ sí Texas lóṣù tó ń bọ̀, ó sì ní kí Babátúndé wá ra ẹṣin rẹ̀ padà bó bá fẹ́. Ìdí tó fi pè mí nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n gbà á?"

"Ẹ má gbà á."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n."

Kò bi mí ní ìdí. Ó kàn ní òun máa lọ dágbére fún Ginger kí wọ́n tó gbé e lọ, kí n jọ̀ọ́ fi mọ́tò mi gbé òun dé Flossmoor. Mo ti gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n gbàdúrà, mo ti gbà á títí. Iṣẹ́ wákàtí kan péré ni gígé ihò yẹn. Nínú mọ́tò yẹn, tó bá jókòó tì mí, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?