Ẹrẹ̀ Tí Nathaniel Fi Bo Irin

Nathaniel Mojúbàolú gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ akọ̀wé ìjọ, ó ní òun ò wá jẹ́rìí, òun wá jẹ́wọ́ ni. Ó ní bí wọ́n bá ṣe oore-ọ̀fẹ́ ìparí ìsìn kí òun tó la ẹnu, ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú ilé yìí má padà wálé mọ́. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àwa ará Ìgbògbò mọ bí ẹ̀rí ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ dúpẹ́ pé òun ríṣẹ́ a kọ́kọ́ dẹ́rù bani ná. Ṣùgbọ́n Nathaniel ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bádéjọ, jókòó sí iwájú nínú aṣọ funfun, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lápò rẹ̀. Ọkọ̀ náà, píkọ́ọ̀pù aláwọ̀ eérú kan, dúró lẹ́nu géètì, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìkórè kún ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ìsìn bá ti parí ni àwọn akọrin yóò gùn ún lọ sí ìkórè ìjọ wa tó wà ní Ẹ̀pẹ́. Nítorí ọkọ̀ yẹn gan-an ni ìdílé Mojúbàolú ṣe wá dúpẹ́ lọ́jọ́ náà: sítíárìn rẹ̀ tó ti ń dà wọ́n láàmú ti sinmi.

Bádéjọ ló ni ọkọ̀ náà, tòkunbọ̀ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún làágùn rà. Láti etí òkun Ìlàjẹ ni bàbá wọn ti wá, ẹja sì ni wọ́n ń tà títí dòní. Wọ́n á lọ rà á ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n á kó o wá fún àwọn oníbàárà wọn ní àdúgbò Agric. Nathaniel ló ń wa ọkọ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀: ẹja nìkan ni kó máa gbé. Bádéjọ sọ ọ́ lójú gbogbo ilé, Nathaniel sì fi ọwọ́ lé Bíbélì pé òun gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fúnmbí ló ba òfin náà jẹ́. Bàbá Fúnmbí ń kọ́lé lẹ́yìn ìlú, Nathaniel sì fẹ́ kí bàbá náà rí òun bí ọkùnrin. Ní ọ̀sán Sátidé kan tí Bádéjọ lọ síbi ìsìnkú, ó kó búlọ́ọ̀kù sẹ́yìn ọkọ̀ títí tó fi fẹ́ kanlẹ̀. Bàbá Fúnmbí súre fún un, ìwúre náà sì gùn ún bí ẹṣin, ó padà lọ kó ẹrù kejì. Lójú ọ̀nà ni kẹ̀kẹ́ Márúwá kan já sí i níwájú. Ó yà fún un, táyà iwájú sì wọ inú gọ́tà tí kò ní ìdérí. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e jáde, sítíárìn ti wọ́. Bí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà, sítíárìn á fẹ̀gbẹ́ bí fìlà ọ̀mùtí.

Ó yẹ kó lọ bá Yísà, mẹkáníìkì tó ń tọ́jú ọkọ̀ náà ní Agric. Kò lọ, nítorí Yísà àti Bádéjọ jọ dàgbà ni, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ dé etí ara wọn. Ó gba ọ̀dọ̀ wẹ́dà kan, ẹni tó ń jó irin pọ̀, lọ ní Lásunwọ̀n. Wẹ́dà fi iná na ọ̀pá irin tó so sítíárìn pọ̀ mọ́ táyà títí ó fi tọ́, ó rí i pé ó ti là, ó sì jó o pọ̀. Ó kìlọ̀ pé irin tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jó. Òun jó o kí ọkọ̀ lè délé ni, kó tètè ra òmíràn. Nathaniel ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ojú ibi tí wọ́n jó náà ń dán lábẹ́ ọkọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá bẹ̀rẹ̀ á rí i. Ó wọ ẹ̀yìnkùlé, ó bu ẹrẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹja, ó fi kùn ún, ó tún fi ọ́ìlì dúdú lé e, títí ọ̀pá náà fi jọ gbogbo irin àtijọ́ tó yí i ká. Ó ní òun á ra tuntun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, kì í tán láyé.

Kò pẹ́ tí wàhálà fi bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ á máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́, sítíárìn á ṣàdédé fa ọwọ́ awakọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni pé ẹlòmíràn jọ dì í mú. Ibì kan náà ló sì sábà máa ń ṣe é, níbi tí títì ti bàjẹ́ kí ènìyàn tó gun afárá Ìtòkín, tí omi wà lọ́tùn-ún tó wà lósì. Yísà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó pààrọ̀ epo sítíárìn, ó fa bẹ́líìtì le. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹrẹ̀ àti ọ́ìlì ló rí, ohun tí mẹkáníìkì ń rí lójoojúmọ́. Ó wà á yípo Agric lófìfo, kò ṣe nǹkan kan. Ó wá bi Nathaniel ní ohun tí gbogbo mẹkáníìkì máa ń bi awakọ̀.

“Ṣé ó já sí kòtò? Ṣé ó gbá nǹkan?”

“Rárá o, Ẹ̀gbọ́n Yísà.”

Yísà gbà á gbọ́. Lẹ́nu iṣẹ́ wọn, awakọ̀ ni ojú mẹkáníìkì. Bí ojú bá purọ́, ọwọ́ á máa tú ibi tí kò ṣe nǹkan kan.

Ohun tí Nathaniel nìkan mọ̀ ni pé ẹrù ló ń bá irin náà jà. Lófìfo, ọ̀pá á gbà á mọ́ra. Bí ẹja bá kún ẹ̀yìn ọkọ̀ tó sì já sí kòtò, ibi tí wọ́n jó á fẹ́ ṣí. Ọjọ́ tí ẹja sì máa ń kún ni ọjọ́ tí Ìyá Abigail bá bá wọn lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìyàwó kékeré bàbá wọn ni. Abigail ni orúkọ tirẹ̀ gan-an, kì í ṣe orúkọ ọmọ, nítorí kò bímọ. Nígbà tí ìyá Nathaniel kú tó fi í sílẹ̀ ní ọmọ ọwọ́, ẹ̀yìn Ìyá Abigail ló dàgbà sí. Kò sì sí ẹni tó mọ ẹja rà bíi tirẹ̀. Ó ń tẹ ìka mọ́ ikùn ẹja ni, á sọ fún ọ bí ó ti pẹ́ tó tó ti kúrò lómi. Àwọn apẹja a máa fún un ju ẹni gbogbo lọ. Bí ó bá lọ, ọkọ̀ á kún. Bí kò bá lọ, díẹ̀ ni wọ́n ń rí gbé.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Bádéjọ jókòó sí àgbàlá, ó fi ọwọ́ lẹ́rán, ó ní òun á ní kí Yísà tú gbogbo iwájú ọkọ̀ náà palẹ̀. Nathaniel mọ ohun tí Yísà máa rí. Kó tó mọ̀, ó ti sọ ọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò ṣàkíyèsí ni? Ọjọ́ tí Ìyá bá wà nínú ẹ̀ ló máa ń ṣe é.”

Ibi tí Nathaniel bá ọ̀rọ̀ dé nínú ṣọ́ọ̀ṣì nìyí. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ẹnu òun ló sọ ọ́, kì í ṣe ẹnu èṣù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá òun dá èṣù lẹ́bi.

Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná ọyẹ́. Obìnrin tó dàgbà, tí kò bímọ, tó ń gbé ilé ọmọ orogún: kò sí irú ẹ̀sùn tí wọ́n gbé kọ́ ọ lọ́rùn tí kò ní dúró. Wòlíì ìjọ wa gbàdúrà, ó ní òun rí ojú kan tó ń ṣọ́ wọn nínú ilé. Àwọn ará ilé ní àwọn ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, kí Ìyá Abigail kàn fi ọwọ́ lé sítíárìn kó súre fún ọkọ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, ìwúre á ṣẹ. Ó jókòó sí àyè awakọ̀ tí kò jókòó sí rí, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé e, ó ní, “Ọkọ̀ yìí, o ò ní gbé ọmọ mi sómi.” Nathaniel ni ojú rẹ̀ ń wò nígbà tó ń sọ ọ́.

Gbogbo ọjọ́ yẹn ni Nathaniel láyè láti yọ ọ̀pá náà kó fi tuntun sí i. Ó rò ó. Ó bẹ̀rù pé Bádéjọ á rí irin tuntun, á béèrè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló to agbọ̀n ẹja tí Ìyá Abigail rà sẹ́yìn ọkọ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ó ń rí i bí ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe ń rẹlẹ̀, ó sì ń tò ó lọ. Bádéjọ ló wà á bọ̀, ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán ìwúre náà wò, ìyàwó rẹ̀ tó lóyún sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gun afárá tán tí sítíárìn fi fà á lójijì. Ọkọ̀ forí lé irin etí afárá, ó ha á lọ, ó dúró. Omi wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó ń dán. Ẹnikẹ́ni ò kú, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà wọn ò gbé ọkọ̀ lọ fún Yísà mọ́, nítorí wọ́n gbà pé àwọn ti rí ohun tó ń ṣe é. Wọ́n ní kí Ìyá Abigail kó ẹrù rẹ̀.

Nathaniel náà ni wọ́n ní kó gbé e lọ fún àwọn ìbátan rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n gba orí afárá Ìtòkín kọjá. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, Ìyá Abigail ò sọ̀ kalẹ̀.

“Mo rí ọ lọ́jọ́ tí o bu ẹrẹ̀ níbi tí mo ti ń fọ ẹja. Mi ò mọ ohun tí o fẹ́ fi bò.”

“Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Ta ni màá sọ ọ́ fún? Wọ́n á ní àjẹ́ ń wá ẹni tó máa gbé e rù. Ìwọ ni mo ń retí.”

Nathaniel gbé àpótí rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ tó ń dágbére fún ìyá rẹ̀, ó wọkọ̀, ó sì wà á padà wálé. Ó ní nínú gbogbo ohun tí òun ṣe, èyí ló burú jù. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún òun, òun sì tì í padà.

Lẹ́yìn ìyẹn, sítíárìn ò ṣe nǹkan kan mọ́. Báwo ló ṣe máa ṣe é? Ẹni tó ń mú ọkọ̀ kún ni wọ́n lé lọ. Agbọ̀n díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ọkọ̀ sì ń lọ geere, gbogbo ilé ní àbí ẹ ò rí i báyìí. Bí ìdúpẹ́ ṣe dé nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú náà ni Nathaniel dé ẹnu géètì tó bá iṣu tí wọ́n ti tò sẹ́yìn ọkọ̀, tí àwọn akọrin ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹni tó máa jókòó síbo. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ti rẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún. Ó rí afárá Ìtòkín lọ́kàn rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó lọ gba gbohùngbohùn.

Nígbà tó jẹ́wọ́ tán, ó yíjú sí àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ń lo nǹkan ẹlòmíràn, ohun tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ sọ ọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ irin. Èmi ò sọ ọ́ títí tó fi di ènìyàn.” Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò sì tijú.

Bádéjọ dìde. A rò pé á gbá a létí. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó gbé e sórí pẹpẹ, ó bọ́ síta, ó pe Yísà. Yísà gun ọ̀kadà wá láti Agric, ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lójú gbogbo ìjọ. Ó fi ẹnu súkúrúdíráfà ha ẹrẹ̀ náà kúrò, ó ní kí Bádéjọ wá fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ó yọ ọ̀pá náà, ó gbé e lé òkúta, ó fi òòlù gbá a. Kò gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn akọrin ń wo irin méjì náà nílẹ̀. Yísà nu ọwọ́ rẹ̀, ó wo Nathaniel.

“Mo bi ọ́ o,” ló sọ.

Bádéjọ ṣa irin méjèèjì, ó gbé wọn lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kó lọ gbé wọn fún ẹni tó ru ẹ̀bi wọn.

Ní Ẹ̀pẹ́, Ìyá Abigail ń rẹ́ ẹja lọ́wọ́ nígbà tó wọlé. Nathaniel dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó to irin síwájú rẹ̀. Ìyá wò ó, ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ta ló wà nínú ọkọ̀?”

“Kò sí ẹnì kankan, Ìyá. Kò tíì gbéra.”

Ó mí kanlẹ̀, ó sì jókòó. Nathaniel ní kí wọ́n foríji òun, ó ní òun ti sọ ọ́ nínú ìjọ, lójú Ẹ̀gbọ́n, lójú wòlíì, ó ní Ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ wá gbé wọn padà. Ìyá Abigail jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

“Ìgbògbò ti gbọ́. Ẹ̀pẹ́ ńkọ́? Gbogbo àdúgbò yìí ló mọ ìdí tí wọ́n fi gbé mi wá.” Ó na ọ̀bẹ sí ẹnu ọ̀nà. “Gbé e síbẹ̀. Kí o jókòó tì í. Ẹni tó bá wọlé tó bá béèrè, ìwọ ni kí o dá a lóhùn.”

Nathaniel gbé irin lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ tí obìnrin aládùúgbò kan yọjú pẹ̀lú abọ́ ata lọ́wọ́. Ó kí Ìyá láti òkèèrè, kò súnmọ́ ọn, bí wọ́n ṣe ń kí i láti ìgbà tó ti dé. Ó rí irin. Ó béèrè pé kí nìyẹn. Ìyá Abigail ò gbórí sókè, ó ń rẹ́ ẹja rẹ̀ lọ.

“Èmi ni mo fi ẹrẹ̀ bò ó, mà,” Nathaniel sọ, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí búlọ́ọ̀kù.