Àmì Pupa Tí Mo Fi Sórí Nọ́ọ̀tì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó tún rí ìdí mìíràn tí n ó fi pa á mọ́. Èmi Ògúnmọ́lá, tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin Yorùbá tó wà ní Scarborough mọ̀ sí oníkábúrétọ̀, èmi ni mo fa iná tó jó Ọdúnlámì lọ́wọ́. Kì í ṣe òun. Kì í ṣe ìgbàgbé rẹ̀. Ohun tí mo sọ fún yín nígbà náà, irọ́ ni, mo sì ti ń ti ara irọ́ yẹn jẹun láti ìgbà náà wá. N kò kàwé púpọ̀. Bí ẹ bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi wọ́, ẹ má rò pé mo ń lọ́ ọ pọ̀ ni. Èyí tí mo ti lọ́ pọ̀ sẹ́yìn ti tó.

Ọ̀gá kan náà ló kọ́ èmi àti Ọdúnlámì ní iṣẹ́ mẹ́káníìkì ní Ìbàdàn. Nígbà tí ìjọba sọ́jà le koko nílé, Ọdúnlámì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó wá sí Toronto ní Kánádà níbí. Kò gbàgbé mi. Òun ló ṣe ọ̀nà tí mo fi wá, inú ilé rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ sùn, òun náà ló sì fún mi láàyè nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Iṣẹ́ tí à ń ṣe níbẹ̀ kì í ṣe ti ọkọ̀ ìwòyí. Àwọn òyìnbó àgbà kan wà tí wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ tó ti dàgbà ju àwọn fúnra wọn lọ. Wọ́n á gé òrùlé rẹ̀ kí ó lè rẹlẹ̀, wọ́n á ki ẹ̀rọ ńlá sínú rẹ̀, wọ́n á kùn ún títí á fi máa dán, tí wọ́n bá sì ṣíná sí i, gbogbo àdúgbò á mì. Hot rod ni wọ́n ń pè é. Kábúrétọ̀, ẹ̀yà tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ̀rọ, ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lò, páìpù tín-ín-rín ló sì ń gbé epo bẹntiróòlù lọ bá a. Èmi ni mo ń tú kábúrétọ̀, tí mò ń fọ̀ ọ́, tí mò ń tò ó padà. Ọdúnlámì ló ń ṣe páìpù.

Ó ní àṣà kan. Bí ó bá ti de nọ́ọ̀tì páìpù tán, tó tún yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, á mú ọ̀dà èékánná pupa tó gbà lọ́wọ́ Péjú ìyàwó rẹ̀, á fi kán tóńtó kan sórí nọ́ọ̀tì náà. Nọ́ọ̀tì tó bá ti ní àmì pupa, ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Péjú máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, "Daddy Ìdẹ̀ra, ẹ ò rí i pé èékánná ọkọ̀ yín ń dán ju tèmi lọ!" Ọdúnlámì á ní, "Ọkọ̀ kì í fọ abọ́, ìyàwó mi. Tìrẹ ò lè pẹ́ bíi tiẹ̀."

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà wa kan tó ń jẹ́ Gerry wá wo ọkọ̀ rẹ̀ aláwọ̀ búlúù. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ wá ni. Ó béèrè ẹni tó tún kábúrétọ̀ òun ṣe tó fi ń dún dáadáa bẹ́ẹ̀. Ọdúnlámì gbá mi léjìká, ó sì sọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé, "Ọ̀rẹ́ mi yìí ni. Prámárì fọ́ọ̀ ló ti sá fún tíṣà, torí ìṣirò. Ṣùgbọ́n ẹ gbé kábúrétọ̀ fún un, á fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ àwo oúnjẹ!" Gerry rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ilé ìwé yẹn, àṣírí ni. Orí ẹní tí a jọ ń sùn sí nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ni mo ti sọ ọ́ fún un. Ó ra kọfí fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sì ti gbàgbé. Èmi kì í gbàgbé. Bí o bá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òjò á rọ̀, yìnyín á bọ́, mo ṣì ń wo bàtà rẹ. Ìwà mi nìyẹn, mo sì ti fi yangàn rí. Ojú ń tì mí pé mo fi yangàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo ṣe. A máa ń fẹ ẹnu páìpù epo bí ẹnu àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò, kí ó lè jókòó pa sára irin tí a ó dè é mọ́. Oríṣi méjì ni irin náà. Ìdí ọ̀kan ṣóńṣó ju ti èkejì lọ díẹ̀, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí o bá fi èyí tí kò yẹ sí i, nọ́ọ̀tì á yí wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n inú wọn kò pàdé. Bí ọkọ̀ bá tutù, kò ní jò. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá gbóná, tó ń gbọ̀n, ni epo á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Gerry fẹ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi tí àwọn tó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń pàdé. Nígbà tó ku ọ̀la, Ọdúnlámì lọ sí Markham lọ mú ẹ̀yà ọkọ̀ kan. Mo tú irin tó dè sí ẹ̀gbẹ́ kábúrétọ̀, mo fi èyí tí kò yẹ rọ́pò rẹ̀. Mo mú ọ̀dà Péjú, mo kán tóńtó pupa sórí nọ́ọ̀tì, gẹ́gẹ́ bí òun ṣe máa ń ṣe é. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Ìbá gbọ̀n, n bá rí nǹkan kan fi gbèjà ara mi. Mo ní epo á kàn kán díẹ̀ ni, Gerry á gbóòórùn rẹ̀, ojú á ti Ọdúnlámì níṣojú àwọn tó bá a fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí epo ń ṣe bó bá kán sórí irin gbígbóná. Kò sí mẹ́káníìkì tí kò mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Ọdúnlámì bá Gerry lọ síbẹ̀, ọkọ̀ sì kún iwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù. Gerry ṣíná sí tirẹ̀, ó ń bú ramúramù, àwọn ènìyàn ń yàwòrán. Mo rí epo tó kọ́kọ́ yọ. Mo rí i! Bí mo bá pariwo pé "Pa á!" lójú ẹsẹ̀, ó ti parí. Mo dákẹ́, nítorí mo fẹ́ kí Gerry kọ́kọ́ rí i. Ọdúnlámì fa imú, ó ní, "Mọ́lá, o ò gbóòórùn epo?"

Mo ní, "Ti ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó rí àmì pupa rẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó wá ki ọwọ́ méjèèjì sísàlẹ̀ láti wá ibòmíràn tó ń jò. Ìgbà náà ni epo kán sórí páìpù èéfín tó ti gbóná, iná sọ, ó sì jó o lọ́wọ́ méjèèjì. Gerry ló pa iná náà. Èmi dúró bí igi.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe iná yẹn ló burú jù nínú ohun tí mo ṣe. Nígbà tí mo lọ wò ó ní ọsibítù, wọ́n ti fi báńdéèjì wé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, Péjú ń fi ṣíbí fún un lóúnjẹ. Ẹni tó yẹ ọkọ̀ náà wò ti sọ pé irin tí kò yẹ ni wọ́n dè mọ́ páìpù. Ọdúnlámì wò mí, ó ní, "Mọ́lá, bá mi rántí. Mo rí àmì mi lórí ẹ̀. Ṣé èmi ni mo de irin yẹn?" Ó fún mi láyè láti di ènìyàn. Mo ní, "Ìwọ ni. Ojú mi ló ṣe. Mi ò sọ̀rọ̀ torí pé ìwọ lọ̀gá." Péjú gbé ṣíbí sílẹ̀. Ọdúnlámì kọjú sí ògiri, ó ń wí pé, "Mi ò rántí. Péjú, mi ò rántí rárá." Nígbà tí ẹ̀yin bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo mi orí, mo ní àgbà ló ń dé sí i.

Ọwọ́ rẹ̀ jinná, ó ku àpá. Ṣùgbọ́n ó gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù fún mi, ó ní òun kò ní pa ọmọ ẹni ẹlẹ́ni. Ó lọ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé alájà púpọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní condo. Péjú sọ fún mi pé bí ọkọ òun bá pa iná ìdáná tán, á tún padà lọ wò ó, á tún padà. Dókítà yẹ ìrántí rẹ̀ wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Ọdúnlámì ní dókítà kàn ń fi ọ̀wọ̀ bo òun láṣìírí ni. Gbogbo èyí ni mo gbọ́, tí mo sì ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Lóṣù tó kọjá, Ìdẹ̀raolúwa ọmọbìnrin wọn sọ ọmọ lórúkọ nílé rẹ̀ ní Springdale. Wọ́n gbé ọmọ náà lọ bá Ọdúnlámì. Kò yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò kóòtù. Ìdẹ̀ra ní, "Daddy, please, just hold him." Ó ní, "Rárá o. Ẹ gbé e fún Ògúnmọ́lá. Ọwọ́ tiẹ̀ dá mi lójú." Wọ́n sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Ọmọ náà sùn lọ lọ́wọ́ mi, baba ìyá rẹ̀ ń wò ó láti òkèèrè bí ẹni ń wo ọjà tí a ti tì mọ́ inú gíláàsì. Péjú sún mọ́ mi, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin nìkan ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu." Mo ní, "Mo gbọ́, ìyàwó wa." Mo gbé ọmọ fún un, mo sì lọ jókòó ti oúnjẹ. Mo jẹ ẹ́ tán.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè fọwọ́ kan kábúrétọ̀ kankan. Mo ti lọ jẹ́wọ́ fún Gerry. Ó ṣílẹ̀kùn fún mi kí n máa lọ. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà nínú àpòòwé tí mo fi ìwé yìí sí, Péjú ni n ó sì gbé e fún, kí ó kà á fún ọkọ rẹ̀ kí ẹ̀yin yòókù tó kà á. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, bí ẹnì kan bá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ sọ fún un lọ́jọ́ náà gan-an pé ó dùn yín. Ẹ bá a jà pàápàá. Ká ní mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni, Ọdúnlámì ìbá ti bẹ̀ mí, mo mọ̀ ọ́n.

Ọdúnlámì, ìwọ kọ́ lo de irin yẹn. Èyí tí o dè dára, èmi ni mo tú u. Orí rẹ pé, ọwọ́ rẹ kò sì ṣi iṣẹ́ ṣe. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Bí o kò bá sì lè ṣe é, bá mi yodì. Mo mọ odì yíyàn dáadáa, n kò ní rán ẹnikẹ́ni wá bẹ̀ ọ́ pé ó ti tó. Ṣùgbọ́n má tíì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Lónìí, lọ sí Springdale kí o gbé ọmọ náà.