Ahoro Tó Ń Se Àgbàdo

Ẹ má jókòó síbẹ̀ o, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lathrop! Àga ahoro nìyẹn. Àbí ìwé yín kọ́ ló sọ pé kò sẹ́ni tó ń gbé Ojo Hondo mọ́? Pé nígbà tí àwọn jagunjagun ẹ̀yà Kòmáńṣì ja ìlú ààlà yìí lógun, gbogbo ọmọ Sípéènì tó tẹ̀ ẹ́ dó ló sá lọ, tí ìlú di igbó? Ó dáa. Ta ló wá se àgbàdo ẹlẹ́ran fún yín ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ wá ṣèwádìí níbí? Iwin?

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ abọ́ mẹ́ta, ẹ ń làágùn, ẹ ní ata pupa èmi Eufemia fẹ́ pa yín. Iwin ló fẹ́ pa yín, ọ̀gá!

Wọ́n sá lọ lóòótọ́, mo gbà. Àmọ́ nígbà tí yìnyín yọ́, wọ́n padà wá, torí ẹni tí kò bá gbẹ́ kòtò omi rẹ̀ kò ní rí omi fi sí oko. Celedonio ọkọ mi sọ ọ́ fún yín nídìí tábìlì yìí, ẹ sì ń mi orí bí alángbá. Ẹ wá ní kò sí nínú ìwé ìjọba Sípéènì. Ṣé ìjọba Sípéènì ló ń gbẹ́ kòtò ni?

Ìwé yín ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kà tí wọ́n fi kan pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà mi: AHORO. Mo ń sá aṣọ lọ́wọ́, àlejò ń ya mí ní fọ́tò! Obìnrin kan bi mí bóyá wọ́n ń sanwó fún mi kí n máa ṣe bí ará àtijọ́. Mo fi Màríà búra, mo rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ṣọ́bìrì Celedonio! Ibi tó gbé e tì sí lára ògiri kó tó wọlé lọ dùbúlẹ̀, tí kò dìde mọ́, ibẹ̀ ni mo fi í sílẹ̀ sí. Ẹrẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn tó kan pátákó yẹn gbé ṣọ́bìrì náà lọ! Ramona aládùúgbò mi pariwo lé wọn, wọ́n ní nǹkan àtijọ́ ni, kò ní olóhun.

Ẹ gbé àforíjì yín pamọ́. Ṣé àforíjì ló máa gbẹ́ kòtò? Ọ̀la ni gbogbo ilé ń jáde lọ gbẹ́ ẹ. Ilé tí kò bá rán ẹnì kankan, olórí kòtò tó ń pín omi á gba omi lọ́wọ́ rẹ̀, igi ápù Celedonio á gbẹ, èmi náà á kó ẹrù mi. Nígbà náà ni ìwé yín á wá di òótọ́.

Kí lẹ wí? Ẹ̀yìn ń dùn yín? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sin odidi ìlú láàyè, tí ẹ̀yìn ò dùn yín! Ẹ bọ́ kóòtù yẹn. Mo ti yá ṣọ́bìrì lọ́wọ́ Ramona, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ààyè Celedonio lẹ máa dúró sí lọ́la, láti ẹ̀yìn ilé yìí títí dé afárá, ẹrẹ̀ á sì dé orúnkún yín. Bí olórí kòtò bá pe orúkọ Celedonio, kí ẹ fi gbogbo ẹnu dáhùn pé, "Èmi rèé!"

Lẹ́yìn náà, kí ẹ lọ kọ ọ́ síwèé pé kò sẹ́nikẹ́ni níbẹ̀.