Ọwọ́ Tó Tú Irun Sìdí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rù ń bà mí. Iṣẹ́ ẹ̀rù gan-an sì ni mò ń ṣe. Àwọn tí àníyàn ń dà láàmú ni mò ń tọ́jú, mo tún ń ṣèwádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ nígbà tí jìnnìjìnnì bá bo èèyàn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Ìyá àgbàlagbà kan ń bọ̀ wá bá mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́.

Sìdí, aránṣọ kan ní Ibafo, ló wá sí ọ́fíìsì mi ní Mowe. Tírélà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á rí lójú títì márosẹ̀, kò sì lè dá sọdá mọ́. Mo fẹ́ fi fìlà oníwáyà kan dé e lórí, kí n lè rí bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo ní kó tú irun rẹ̀ kó tó wá, torí fìlà náà kì í jókòó dáadáa lórí irun dídì. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló bá a tú u.

Mo ṣèlérí fún un pé ìró òjò àti ti ẹyẹ nìkan ló máa gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ ń fi hàn mí kò tó ohun tí mò ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Mo gba inú ẹ̀rọ tí mo fi sí i létí tan ìró họ́ọ̀nù tírélà sí i láìsọ fún un.

Mo ṣì ń gbọ́ igbe tó ké. Ó já fìlà náà sọnù, ó sá sábẹ́ tábìlì. Láti ọjọ́ náà, kò jáde nílé mọ́, kò sì lè jókòó nídìí maṣíìnì rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ bi mí léèrè. Mo ní, "Èmi náà ò mọ̀ o. Ó kàn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ ni." Mò ń bẹ̀rù pé wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ni wọ́n bá ń wá ẹni tó fọwọ́ kan orí rẹ̀ kẹ́yìn. Ta ló tú irun? Èyí tó re sára òòyà dà? Ìyá ní òun ti sun ún, kí ẹni ibi má baà rí i lò. Ohun tó sọ yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ lé e padà sí Ifo, kò sì sẹ́ni tó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá náà pè mí lórí fóònù. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi fìlà yẹn wo orí tèmi náà. Wọ́n ní àwọn kan máa ń ṣe é láìmọ̀. Àbí mo ti ṣe ọmọ yẹn ní nǹkan, tí mi ò mọ̀?"

Mo ní kó máa bọ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ṣé Mọ́ńdè ni ọjọ́ tèmi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kí ni kí n wí fún ìyá yìí? Ó tún pè mí láàárọ̀ òní. Ó ní òun ti tú irun òun sílẹ̀ dè mí. Ó ní kò sẹ́ni tó gbà láti bá òun tú u, òun nìkan lòun jókòó tú u.