Wọ́n Ní Ó Ń Bọ̀ Lọ́nà

Bí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin ènìyàn mi, ìyá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù kan tí kò jìnnà sí ilé wa ní Peckham níbí, wọ́n kọjú sí ilẹ̀kùn. Ọkọ mi ni wọ́n ń retí. Kì í ṣe èmi tí wọ́n bí, kì í ṣe àbúrò mi, ọkọ mi ni, òyìnbó ará Croatia tó ti búra pé òun kò ní fojú kan ìyá mi mọ́ títí ayé. Àwọn dókítà ti bá mi sọ̀rọ̀, mo sì gbọ́ èyí tí wọn kò sọ jáde. Ohun kan ṣoṣo tí Mummy ń fẹ́ ni kí àwọn rí ọmọkùnrin yẹn, kí àwọn bẹ̀ ẹ́ kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ọkọ mi kọ̀. Àárín pápá ló ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, àṣé èmi ni yóò fi síbẹ̀ nígbẹ̀yìn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì mí, kí n ro ẹjọ́ mi fún yín.

Josip ni orúkọ rẹ̀. Ìlú kékeré kan létí òkun ni wọ́n ti bí i, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ìyá rẹ̀ tètè kú, bàbá ló ṣe ìyá tó tún ṣe bàbá fún òun àti Ana, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Tata ni wọ́n ń pe bàbá náà, bàbá ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè tiwọn. Tata ló kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ olókùúta ẹ̀yìn ìsọ̀ wọn. Wọ́n kọ́ ọ pé agbábọ́ọ̀lù àárín gbọ́dọ̀ wẹ̀yìn wò kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀, torí ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ kì í gba iwájú wá. Wọ́n tún kọ́ ọ pé bí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ọ̀rọ̀ sí òun lórí. Josip sọ èyí di àṣà. Bó bá ti ń lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì, yóò pa fóònù rẹ̀, yóò fi í sílé, kò ní bá ẹni kankan sọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi fọn fèrè ìparí. Lẹ́yìn ìyẹn, Tata ni yóò kọ́kọ́ pè, kó tó pe èmi ìyàwó rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti yọ̀.

Orúkọ rẹ̀ kò dé ibi tí wọ́n rò pé yóò dé. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n tà á sí Belgium, wọ́n ní òun ni ọjọ́ iwájú. Kò pẹ́ tí orúnkún rẹ̀ fi já. Nígbà tó padà jinná, ọjọ́ iwájú ti di ti ẹlòmíràn. Wọ́n wá ń yá a fún ẹgbẹ́ kan, wọ́n ń gbà á padà, wọ́n tún ń yá a fún òmíràn, títí tó fi balẹ̀ sí ẹgbẹ́ kan ní gúúsù London níbí tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá. Ìgbọ̀nwọ́ ẹnìkan kàn án lẹ́nu lórí pápá, eyín rẹ̀ kán, wọ́n sì gbé e wá sí ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì eléyín ní Lordship Lane. Òwú ló wà lẹ́nu rẹ̀ tó fi ń bi mí ní orúkọ mi. Mo rẹ́rìn-ín títí dókítà fi wò mí lójú burúkú.

Mummy kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ jálẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn, pé ṣé àwọn ọmọ Ìwó ti tán ní Peckham ni? Ṣùgbọ́n Josip gba Ìsìláàmù, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n so yìgì wa, Mummy sì sọ ọ́ ní Yusuf. Ẹ wá wo ìfẹ́! Itan adìyẹ tó máa ń jẹ́ tèmi di ti Yusuf. Àdí ni wọ́n fi ń wọ́ orúnkún rẹ̀, wọn yóò máa ṣe bísímílà lé e lórí, òun náà yóò sì gbàgbé sùn sórí àga. Nígbà tó yá, èmi ni mo dà bí aya ọmọ nínú ilé ìyá mi.

Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ náà ń parí lọ, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti pọ̀ jù lójú àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ló kù. Bí wọ́n bá borí, ẹgbẹ́ náà yóò gòkè sí ìpele tó ga jù, wọn yóò sì tún fún un ní àdéhùn mìíràn. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, ó parí nìyẹn. Oyún wà nínú mi, ẹ̀jẹ̀ mi ń ga, dókítà ní kí n dùbúlẹ̀. Mummy wá ń gbé lọ́dọ̀ wa láti tọ́jú mi, wọ́n sì gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní òun ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ mi sókè.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Josip lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ana pe fóònù mi, Mummy ló sì gbé e. Ana ní àìsàn kọlu Tata lójijì, pé wọ́n ń béèrè Josip, kó bọ́ sínú ọkọ̀ òfuurufú lójú ẹsẹ̀. Mummy ní àwọn yóò sọ fún un. Wọn kò sọ. Ẹ má tètè bínú sí wọn, ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ṣe é. Ta ní ń dédé ju irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu ọmọ lójijì nínú àwa Yorùbá? Ta ní ń sọ ọ́ létí aláboyún? Nígbà tí bàbá Mummy kú ní Ìwó, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí mi, wọ́n fi pamọ́ fún wọn títí ara wọn fi le. Títí dòní ni wọ́n ń ṣàdúrà fún àwọn tó fi pamọ́. Ìfẹ́ tí àwọn ará ilé ṣe sí Mummy nígbà náà ni Mummy náà ṣe sí Josip. Wọ́n pe Alhaji, ẹ̀gbọ́n wọn tó ń gbé ní Elephant ní London níbí, àwọn méjèèjì sì fẹnu kò pé kí ọmọ náà gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ tán, kí àwọn àgbà wá mú un jókòó, kí ẹnìkan sì tẹ̀ lé e lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àbí?

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Ana tún pè, ó ń sunkún. Ó ní Tata ń béèrè ibi tí Josip dé. Kí ọkàn aláìsàn lè balẹ̀, kó lè ní agbára díẹ̀ sí i, Mummy ní, “Tell Daddy he is on the way.” Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, Ana kò tún pe ẹlòmíràn, kò sì pe ẹgbẹ́ tí Josip wà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, Tata ti kú. Ana pè láti sọ ọ́, Mummy náà ló tún gbé e.

Èmi kò mọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ Àìkú, mo jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, mo gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí. Ẹ gbà mí gbọ́, n kò rí i kí Josip gbá bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ rí! Yóò wẹ̀yìn wò, yóò gba bọ́ọ̀lù, yóò yí, ẹni tó ń lé e yóò sì máa lé òfìfo. Òun ló gbé bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi jẹ góòlù. Bí wọ́n ti jẹ ẹ́, ó sáré lọ bá kámẹ́rà, ó pariwo, “Tata!” Mo pàtẹ́wọ́. Mummy fi híjáàbù bo ojú, wọ́n ń sunkún kíkorò, mo sì rò pé ayọ̀ ni. Mo tilẹ̀ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tí kò fẹ́ àna òyìnbó rèé.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Josip dé. Mo ti yàrá jáde láti lọ pàdé rẹ̀, mo sì bá Alhaji àti àwọn àgbà méjì láti mọ́sálásí ní pálọ̀. Tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ wọn, tíì ti tutù níwájú wọn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Peckham ni mo dàgbà sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tí kò mọ irú ìjókòó yẹn, ṣé wọ́n bí i? Mo rò pé àbúrò mi ló kú. Josip ní tirẹ̀ kò fura. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó rò pé wọ́n wá bá òun yọ̀ ni. Ó bọ́ mẹ́dàlì ọrùn rẹ̀, ó fi kọ́ Alhaji lọ́rùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti ń fi fóònù ẹlẹgbẹ́ òun pe Tata láti àná, wọn kò gbé e.

“Yusuf, sit down first, ọmọ mi. Drink water,” ni Alhaji wí.

“I’m fine, Uncle.”

“Daddy yín… wọ́n ti padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Since Saturday.”

Mẹ́dàlì náà ṣì wà lọ́rùn Alhaji. Josip ní, “Saturday?” Ó wá yí ọrùn padà, ó wẹ̀yìn wò, bó ti máa ń ṣe lórí pápá. Mummy ló rí lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Kò pariwo rárá. Ó bi wọ́n pé ṣé wọ́n mọ̀. Mummy ní, “I wanted you to play well, my son.” Ó gbé báàgì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó lọ.

Ìgbà tó dé ilé bàbá rẹ̀ ni Ana sọ ìyókù fún un. Nígbà tí Tata gbọ́ pé ó ń bọ̀ lọ́nà, wọ́n ní kí wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì àwọn kọjú sí ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì ṣí i sílẹ̀, kí Josip má baà dúró kànkùn. Ojú ilẹ̀kùn náà ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi kú. Ọ̀rọ̀ yìí ló pa ọkọ mi. Ó sọ fún mi pé bó bá jẹ́ pé wọ́n kàn fi pamọ́ fún òun ni, bóyá òun ìbá gbà, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí bàbá òun máa dúró de ẹni tí kò bọ̀. Ẹgbẹ́ náà fún un ní àdéhùn, kò gbà á. Kò fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù mọ́. Ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe nísinsìnyí nínú ìsọ̀ bàbá rẹ̀. Èmi àti ọmọbìnrin wa ń lọ bá a nígbà ìsinmi, ó sì ń bẹ̀ mí kí n kó wá pátápátá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ìyá mi sílẹ̀?

Ní ọdún àkọ́kọ́, Mummy ní àwọn kò ṣe ohun tó burú. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọn kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́. Àìsàn kíndìnrín tó gbé wọn dé ọsibítù yìí ló là wọ́n lóhùn. Lánàá, wọ́n tún bi mí pé, “Yusuf ńkọ́? Ṣé o pè é?” Mo ti pè é. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, “I can’t. Don’t ask me again.” Kí ni kí n wí fún wọn? Mo wo ojú wọn tó ti rù, mo wo ètè wọn tó ti gbẹ, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, “Ó ń bọ̀ lọ́nà, Mummy.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì gbé ìrọ̀rí àwọn sókè díẹ̀, kó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Lẹ́yìn náà wọ́n di ọwọ́ mi mú.

“Ọmọ mi, ṣé bí mo ṣe sọ ọ́ fún Ana náà lo ṣe sọ ọ́ yẹn?”

Mo ń tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí kò dàrú.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, bí wọ́n bá rán yín sí ọmọ pé òbí rẹ̀ ń pè é, ẹ jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán yín, bó tilẹ̀ dùn yín dé egungun. Ṣùgbọ́n èmi ńkọ́? Ṣé kí n padà lọ sọ fún ìyá mi pé Yusuf kò bọ̀? Àbí kí n tún pe ọkọ mi, kí n sọ fún un pé bí Tata ti kọjú sí ilẹ̀kùn ni Mummy náà ṣe kọjú sí i báyìí? Ó lè mú un wá. Ó sì lè mú un sọ pé ó tọ́ sí wọn, bó bá sì sọ bẹ́ẹ̀, n kò mọ̀ bóyá màá tún lè pè é ní ọkọ mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ sì tètè. Mo ti bẹ nọ́ọ̀sì títí pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí, wọn kò tíì ti ilẹ̀kùn náà.