Eegun Itan Tí Mo Pè ní Ti Àkèré

Èjìdé, fa àpótí yẹn súnmọ́ mi. Àìsàn yìí kò ní fi mí sílẹ̀, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ìyá rẹ wọ sàréè. Ní ilé yín ní Ìdí Arẹ́rẹ́, ohun tí wọ́n ń sọ fún ọ ni pé Àṣàkẹ́ tó bí ọ ló fún ìyá ọkọ rẹ̀ ní májèlé jẹ. Irọ́ ni. Èmi Àríkẹ́, tí mo ń ta àkèré ní Ògùnpa, ni mo pa màmá àgbà.

Ọdún tí reluwé kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn ni. Ọ̀dá mú, odò gbẹ, àkèré sì wọnú ẹrẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ló kù nídìí ìkòkò omi. Nígbà tí àwọn méjèèjì wà lọ́mọ nínú omi, tí wọ́n ṣì ní ìrù, ó ṣòro láti mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá yọ, tí ìrù sì súnkì tán, ni kálukú ń fi ara rẹ̀ hàn: itan àkèré a gùn, awọ rẹ̀ a máa yọ̀, itan ọ̀pọ̀lọ́ a kúrú, awọ rẹ̀ a rí ṣákiṣàki, kókó méjì a sì wà lẹ́yìn ojú rẹ̀ tí oje funfun kún inú wọn. Oje yẹn ń pani, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú. Mo bó ọ̀pọ̀lọ́, mo gé orí wọn dànù, mo yan wọ́n. Oje ti ta sára ẹran, n kò tilẹ̀ fọ̀ ọ́, mo pè é ní àkèré, torí kí oníbàárà má baà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ojúkòkòrò mi! Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ dé. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi ṣa èyí tó sanra, ìyá ọkọ mi ò rí oúnjẹ jẹ láti àná.” Mo ṣà á fún un, mo tún ń rẹ́rìn-ín sí i.

Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀, màmá àgbà ti kú. Bàbá Yésúfù, olórí ilé yín, ránṣẹ́ pè mí. Mo bá ìyá rẹ lórí ìkúnlẹ̀ láàárín agbo ilé, ó pọ̀n ọ́ sẹ́yìn. Ó kó eegun inú ìkòkò ọbẹ̀ sórí ewé, ó ní, “Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kúrú. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn.” Bàbá Yésúfù ní, “Àríkẹ́, ìwọ lo mọ ẹran yìí jù wá lọ. Kí nìyí?” Mo gbé eegun itan náà sọ́wọ́. Ó ki, ó ti gbó, ti ọ̀pọ̀lọ́ pọ́nbélé. Bí mo bá sọ òótọ́, mo wọ gàù. Mo ní, “Àkèré ni, bàbá. Ọmọ rẹ̀ ni, ìrù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ súnkì tán ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì gùn.” Bẹ́ẹ̀ àkèré tí ìrù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tán kò ju èékánná lọ! Ta ní ń fi ìyẹn se ọbẹ̀? Ẹni tó bá ti wẹ̀ lódò rí ì bá mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó já mi nírọ́. Wọ́n ní ìyá rẹ ló fi májèlé sí ọbẹ̀ nìyẹn, wọ́n tú ọ kúrò lẹ́yìn rẹ̀ níṣojú mi, wọ́n lé e jáde. Kò ṣépè fún mi. Eegun ọwọ́ mi ló ń wò títí ó fi kọjá ẹnu ọ̀nà.

Ó wà láyé. Ó ń ta èlùbọ́ ní Mọ́níyà, nítòsí ibi tí reluwé ń dúró sí. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀, mo panu mọ́. Má tíì dárí jì mí, ọmọ mi, lọ mú un wá. Bí ẹ bá bá mi láyé, n ó bẹ̀ ẹ́. Bí ẹ kò bá bá mi, mú un wọ Ìdí Arẹ́rẹ́ lọ́sàn-án gangan, kí o sì sọ fún gbogbo ilé pé Àríkẹ́ ní ọ̀pọ̀lọ́ ni.