Èmi Ni Mo Pa Ohùn Ardis Rẹ́

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà ọjọ́ Sátidé, mo ti bẹ Wilma Kangas, alága wa, pé kó ka ìwé yìí sí yín létí láì fo ìlà kan, kódà bí ojú bá ń tì í nítorí mi. Dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀fóró mi kò ní bá mi dé ìgbà tí yìnyín orí adágún yóò yọ́. Ohun tí mo ti fi bò yín lójú láti ọdún mẹ́rin kò gbọdọ̀ bá mi wọ ilẹ̀. Ẹ ti ń pe Delmar Aasen ní ẹni rere tipẹ́. Ẹ gbọ́ irú ẹni tí mo jẹ́.

Ẹ rántí ọdún tí wọ́n kéde pé wọn kò ní tún ètò àtijọ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe mọ́. Àwọn àgbàlagbà ìlú wa, Duluth, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kọ̀ǹpútà wọn wá bá wa ní yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mìíràn fi aṣọ òtútù wé e bí ọmọ tuntun. Kọ̀ǹpútà wọn kò ní àìsàn kankan. Ètò tó ń darí rẹ̀ nìkan ló gbó. A ní a óò fi Línọ́ọ̀sì rọ́pò rẹ̀, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí inú rẹ̀ wò kó sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n oríṣi Línọ́ọ̀sì pọ̀ bí ẹja, ẹni tí kò sì fọwọ́ kàn án rí kò ní mọ èyí tí yóò mú. Ó di dandan kí a yan ẹyọ kan fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Oríṣi Línọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Sídà ni èmi fẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bá àwọn tó ń ṣe Sídà kọ díẹ̀ nínú rẹ̀, orúkọ mi sì wà níbẹ̀ kedere. Ó lágbára, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ mọ àṣẹ tí wọ́n ń tẹ̀ lẹ́tà lẹ́tà. Lójú tèmi, ìyẹn kì í ṣe ìṣòro, ẹ̀kọ́ ni. Ìgbéraga ti dì mí lójú, mo sì ń pè é ní ìmọ̀.

Ìgbà yẹn ni Lucette Beaudry dé, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ará Kánádà. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jókòó sẹ́yìn láì sọ̀rọ̀, tó ń kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan. Ẹnì kan á béèrè ìbéèrè, á kọ ọ́. Èmi á dáhùn, á tún kọ ọ́. Nígbà mìíràn á jáde lọ dúró ti ọkọ̀ rẹ̀ nínú òtútù, á máa fi èdè Faransé sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí mo bá sì yọjú, á rẹ ohùn sílẹ̀. Ara fu mí. Mo ń bi ara mi pé, ta ló rán obìnrin yìí sí wa? Mo wá gbà lọ́kàn mi pé ilé-iṣẹ́ kan ló fẹ́ tipasẹ̀ rẹ̀ rẹ́ àwọn arúgbó wa jẹ. Mo ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀. Mo ń wo ẹni tó ń kí i.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ó nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ má bínú o. Oríṣi Línọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Pọ́ńdì ni mo rò pé ó yẹ wọ́n. Ẹni tó bá lè ṣí fìríìjì, á lè lo Pọ́ńdì." Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Èmi ní, "Màdáámù, a ò kóra jọ síbí láti kọ́ ẹnikẹ́ni ní fìríìjì ṣíṣí." Ó wò mí tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Delmar, ẹ ti rìn jìnnà débi pé ẹ ò rántí ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́." Ẹ̀rín yín ìgbà yẹn le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó wọ̀ mí dé egungun.

Wilma ló parí ìjà. Ó ní kí a fún àwọn àgbàlagbà mẹ́ta ní Sídà, kí a fún mẹ́ta ní Pọ́ńdì, kí a wo bí yóò ṣe rí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Bàbá Orrin Tveit, mẹkáníìkì ọkọ̀ ojú omi tó ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, bọ́ sí ọ̀dọ̀ Pọ́ńdì. Kò tíì pé ọdún kan tí Ardis ìyàwó rẹ̀ kú. Kò pẹ́ tí àwọn oní-Sídà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí láàárọ̀ lọ́sàn-án. Ìyá kan dá tirẹ̀ padà, ó ní, "Delmar, nǹkan yìí ń bú mi." Àwọn oní-Pọ́ńdì kò pe ẹnikẹ́ni. Bàbá Orrin tiẹ̀ wá ń fò kiri, ó ń pariwo pé, "Ọwọ́ tí mo fi ń tú ẹ́ńjìnnì, òun ni mo fi ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sáwọn ọmọ-ọmọ mi báyìí!" Ó yẹ kí inú mi dùn. Lucette ni mò ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní Sátidé tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà Pọ́ńdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá fún àyẹ̀wò, nígbà tí ẹ gòkè lọ mu kọfí, mo fi àṣẹ kékeré kan pamọ́ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, pé tó bá di ogúnjọ́, kó dá dúró, kí ojú rẹ̀ dúdú. Mo sọ fún ara mi pé mò ń dáàbò bo àwọn arúgbó lọ́wọ́ ọ̀tá. Irọ́ ni. Orúkọ mi ni mò ń dáàbò bò.

Ogúnjọ́ pé, ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Àwọn méjì kò pàdánù ohunkóhun. Bàbá Orrin gbé tirẹ̀ wá bá wa. Ó ní, "Ohùn Ardis wà níbẹ̀." Àṣé nígbà tí obìnrin náà mọ̀ pé òun ń lọ, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà náà, ó bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ ní ìgbà mọ́kànlélógójì: bí wọ́n ṣe ń ti omi ilé kí òtútù má fọ́ páìpù, ibi tí ìwé ilé wà, ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ọ̀rọ̀ àwàdà. Bàbá kò fi wọ́n pamọ́ síbòmíràn. Lucette dì í lọ́wọ́ mú. "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ètò ló dákú, ohùn ìyàwó yín ò lọ síbì kankan. Ẹ jẹ́ kí n yẹ inú rẹ̀ wò." Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n tó bá yẹ ibẹ̀ wò, yóò rí àṣẹ mi, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Mo fò dìde. "Ẹni tó bà á jẹ́ kọ́ ni yóò tún un ṣe! Bàbá Orrin, ẹ gbé e fún mi." Ó wo àwa méjèèjì. Ọgbọ̀n ọdún ló ti mọ̀ mí. Ó gbé e fún mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè, oòrùn ń ràn wọlé, mo ṣí i. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ láìyẹ̀. Mo gbọ́ ẹyọ kan, mo sì mọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Mo lè pa àṣẹ mi nìkan rẹ́. Mo lè kó ohùn náà pamọ́ fún un. Àmọ́ bí ohùn náà bá jáde láìbàjẹ́, a jẹ́ pé Pọ́ńdì kò jẹ̀bi, a sì jẹ́ pé Lucette borí. Ẹ gbọ́, kì í ṣe àṣìṣe, kì í ṣe ìkánjú. Mo jókòó, mo rò ó, mo mu kọfí mi tán. Mo wá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Ní Mọ́ńdè mo lọ bá Bàbá Orrin. "Pọ́ńdì ti jẹ ẹ́ tán, Bàbá." Ó ní, "Gbogbo ẹ̀?" Mo ní, "Gbogbo ẹ̀." Ó di ọwọ́ mi mú, ó dúpẹ́ pé mo gbìyànjú.

Ohun tí ẹ fojú Lucette rí ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan nínú yín pè é ní nọ́ọ̀sì tó ń pa aláìsàn. Èmi nìkan ló kọjú sí. "Ọ̀gbẹ́ni Delmar, ṣé ó ti bàjẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án?" Mo jágbe mọ́ ọn pé, "Ṣé òpùrọ́ lò ń pè mí ni?" Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó lọ, ó gbàgbé ìwé kékeré rẹ̀ sórí tábìlì. Mo sáré mú un kí n lè mọ ilé-iṣẹ́ tó rán an. Ohun tí mo rí nìyí: "Bàbá kan kò rí ibi tí wọ́n ti ń pa kọ̀ǹpútà, lẹ́ẹ̀mẹ́ta." "Ẹ̀rù ba ìyá kan nítorí lẹ́tà pupa." "Delmar mọ̀ ọ́n dáadáa, àmọ́ ó yára jù. Kí n bẹ̀ ẹ́ kó máa rọra." Ní ojú ewé tó kẹ́yìn, ó kọ àkókò tí yóò máa pe ìyá rẹ̀ ní Kebẹ́ẹ̀kì ní Kánádà, ẹni tí òun ń fi Faransé kọ́ ní Pọ́ńdì lórí fóònù. Mo ju ìwé náà sínú iná. Ẹ yan Sídà. Àwọn ọgbọ̀n tó ń wá ẹ̀kọ́ di márùn-ún kí ọdún tó yí po, Lucette sì kó padà sí Kánádà.

Ní ọjọ́ Túsìdeé tó kọjá, Bàbá Orrin gbé búrẹ́dì wá kí mi lórí àìsàn. Mo jẹ́wọ́ fún un. Kò bú mi. Ó ní, "O gbọ́ ọ kí o tó pa á rẹ́?" Mo ní ẹyọ kan. Ó ní, "Kí ló sọ?" Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe gbọ́ ọ: "'Orrin, tó bá jẹ́ ọbẹ̀ ìrẹsì tí wọ́n ń ká nínú adágún lo fẹ́ sè, má tètè da iyọ̀ sí i. Pa ìwé ìròyìn yẹn dé, kí o dúró ti iná. O ò ní dúró, mo mọ̀ ẹ́.' Ó wá rẹ́rìn-ín." Bàbá ní kí n tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sọ ọ́. Ó dìde, ó dé fìlà rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn. "Ogójì yòókù ńkọ́, Delmar?" Ó lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́, tí àlejò bá dé àárín yín, tí ara yín bá ń fu sí i, ẹ kọ́kọ́ wo inú ara yín dáadáa. Olè tí mò ń ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà, àárín ilé ló wà, èmi ni. Wilma ti fi lẹ́tà tí mo fi jẹ́wọ́ ránṣẹ́ sí Lucette. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fún àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ní ohun tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ní tèmi, n kò lè ní kí ẹ dárí jì mí ṣáájú Bàbá Orrin, nítorí òun ni mo ṣẹ̀ jù. Kò tíì padà wá. Mo ti sọ fún ọmọ mi obìnrin pé kó má ti ilẹ̀kùn iwájú.